Kí Aláìsàn Tó Dé Ilé: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Jonquet

Ẹ̀yin ará Jonquet, ẹ̀yin ará Zongo àti Guinkomey, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti ìsọ̀ yín ní Missèbo, ní ìlú Kútọnu wa yìí, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ọjọ́ kan tí ẹbí máa ń fi ayọ̀ retí, ṣùgbọ́n tí a kì í sábà múra sílẹ̀ dè: ọjọ́ tí dókítà bá ní kí aláìsàn máa lọ sílé.

Bí wọ́n bá ti ní kí a máa mú bàbá lọ, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó san owó tó kù, a ó wá ọkọ̀. Ó tán. Ta ló rántí bi ara rẹ̀ pé ibo ni bàbá máa tọ̀ sí lóru òní? Ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n fi sọrí Hubert Koutoukou Maga, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Benin, mo mọ̀ pé ẹbí fúnra wọn ni wọ́n ń sáré oògùn, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, tí wọ́n sì ń sun orí ẹní. Iṣẹ́ kì í ṣe tuntun sí wọn. Àmọ́ níbẹ̀, bí nǹkan bá yí padà láàárín òru, nọ́ọ̀sì kan wà tí a lè ké sí. Yorùbá ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó bá ti ilé ìwòsàn bọ̀ náà ń wá ibi ìsinmi, ilé tí kò sì múra kò lè fún un ní ìsinmi kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ bàbá kan tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí ìbùsùn, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń gbé díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ òsì ṣì rọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra mátírẹ́ẹ̀sì tuntun, wọ́n kun yàrá, wọ́n ra fáànù. Bí wọ́n bá bi mí léèrè, màá ní kí wọ́n fi mátírẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Jonquet mọ bí ọ̀pọ̀ ilé wa ṣe rí. Àgbàlá kan, yàrá yí i ká, ayálégbé bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́bàá géètì, ṣáláńgá wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Láti ìbùsùn bàbá dé ibẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rìn ín ní agogo méjì òru, láìtan iná. Ẹ ó pàdé àtẹ̀gùn kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó pàdé ọ̀kadà tí ayálégbé kejì gbé ti ògiri. Báfù ìfọṣọ wà níbẹ̀, okùn ìsáṣọ rọ̀ sílẹ̀ dé ọrùn, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí omi ọṣẹ ń ṣàn lé lójoojúmọ́ sì ti di yọ̀bọ̀rọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń fo gbogbo rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀ kò lè fò ó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àgbàlagbà tó ṣubú tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ máa padà sí ilé ìwòsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un kúrò, pẹ̀lú ìnáwó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí a ń sọ yìí kò sì gba owó púpọ̀.

Ẹ wá àga onígi tó ní apá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì. Kí káfíńtà gé ihò sí àárín ìjókòó rẹ̀, kó fá etí ihò náà kúnná kó má baà ha ènìyàn lára. Bí ṣáláńgá yín bá jẹ́ irú èyí tí a ń lóṣòó sí, ẹ gbé àga náà lé e lórí. Bí aláìsàn kò bá tíì lè dé ibẹ̀, ẹ gbé e sẹ́bàá ìbùsùn, kí ẹ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Fún ọkùnrin, ike ìtọ̀ tó ní ìdérí á gba bàbá lọ́wọ́ ìrìn òru. Ẹ pe wẹ́dà kó so irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó le. Kí irin náà wọ inú ògiri dáadáa. Ìṣó tí a fi ń kọ́ táwẹ́lì kò lè gbé àgbàlagbà. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó sanra jù nínú ilé kọ́kọ́ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn, kí bàbá tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pe àwọn ayálégbé jọ. Ẹ má pàṣẹ fún wọn o, ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ ní, "Ẹ̀yin ará ilé, bàbá wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ọ̀kadà sí apá ibòmíràn, ẹ bá wa da omi ọṣẹ sí ojú àgbàrá." Kò sí ará Kútọnu tó máa kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná kékeré tó ń lo bátìrì tàbí oòrùn, tí a gbé kọ́ sí ọ̀nà, á ran gbogbo ilé lọ́wọ́, nítorí pé SBEE, ilé iṣẹ́ mànàmáná, lè mú iná lọ nígbàkigbà. Bàtà aláìsàn ńkọ́? Sílípáàsì tó ń yọ kúrò lẹ́sẹ̀, ewu ni fún un. Bàtà tó ní okùn lẹ́yìn ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ kì í yọ̀, ni kí ẹ wá.

Ó di yàrá. Jonquet kì í sùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Orin ilé ọtí ń dún títí di ìdájí, àwọn dẹ́rẹ́bà ń ké orúkọ ìlú tí wọ́n ń lọ, ọ̀kadà ń kọjá. Oorun sì wà lára oògùn aláìsàn. Nítorí náà, kí yàrá rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé, kó jìnnà sí títì, kó má sì jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo rí àwọn ẹbí tí wọ́n ń fi bàbá sí pálọ̀ iwájú nítorí ọlá, kí àlejò lè rí i. Ọlá tí kò jẹ́ kí ènìyàn sùn kò wúlò fún un. Kódà rédíò tí ẹ fi ń gbọ́ mi yìí, bí aláìsàn bá wà nítòsí, ẹ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Mátírẹ́ẹ̀sì tí a tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò dára fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ìdìde ló máa ń nira jù. Kí ìbùsùn ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bí ó bá jókòó sí etí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ó bá rẹlẹ̀, ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin tó dọ́gba, kí ẹ rí i pé kò mì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ṣe pàtàkì, nítorí ibà lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù kẹfà, tí òjò ti ń tẹ́lé òjò, ẹ rántí pé orí iyanrìn láàárín òkun àti adágún Nokoué ni Kútọnu wà, omi kì í pẹ́ wọ yàrá ilẹ̀. Ẹ ti pinnu yàrá tí ẹ ó gbé e lọ kí omi tó dé.

Nígbà tí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ bá kù díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó yá yín lára láti sá kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ẹ bẹ kiné, ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní ìrìn àti lílo ọwọ́, pé kó fi iṣẹ́ hàn yín. CNHU ní ẹ̀ka ìṣègùn tó ń ṣiṣẹ́ lórí irú èyí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Toussaint Kpadonou sì wà lára àwọn tí orúkọ wọn so mọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ wa. Kí ọmọ tó máa tọ́jú bàbá gbé bàbá dìde lójú kiné, kí kiné tún un ṣe bí ó bá ṣì í. Kí a tó fi ọ̀kadà gbé aláìsàn délé, kí ẹ bèèrè pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ikùn tàbí tí egungun rẹ̀ ṣẹ́ kò yẹ kó gun ọ̀kadà zémidjan, bí ó ti wù kí ọ̀nà kúrú tó. Ẹ wá takisí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọwọ́ tó rọ yẹn, torí pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti ń ṣèèṣì dá ìrora sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé bàbá dìde, a máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ó sì fà á. Ọwọ́ tí iṣan rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò lè dáàbò bo èjìká. Fífà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè yọ ọ́, èjìká á sì máa dùn ún fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀ ni ẹ ó ti ọwọ́ bọ̀. Bí ẹ bá ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ọwọ́ tó rọ ni kó kọ́kọ́ wọlé. Bí ẹ bá ń bọ́ ọ, òun ni kó gbẹ̀yìn. Bí ó bá ń jẹun, kó jókòó ṣánṣán, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú ọgbọ̀n lẹ́yìn oúnjẹ, kí oúnjẹ má gba ọ̀nà èémí. Bí ó bá ń wúkọ́ nígbà gbogbo tó bá mu omi, ẹ sọ fún dókítà kíá. Ẹ̀kọ tó ki díẹ̀ máa ń rọrùn fún irú wọn láti gbé mì ju omi lásán lọ.

Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ìbùsùn ń fẹ́ ká yí i ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án àti lóru. Ẹ máa wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ìbàdí, ìdí àti egungun ẹ̀yìn èjìká. Níbi tí awọ bá ti pọ́n tí kò sì padà sí bó ṣe wà, egbò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ má fi òróró ra ibẹ̀ gírígírí gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà kan ṣe ń gbà wá níyànjú, ńṣe ni ìrapa á tún bà á jẹ́ sí i. Ẹ gbé ara rẹ̀ kúrò lórí ibẹ̀, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì. Oúnjẹ tó ń tún ẹran ara ṣe ló nílò: ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, wàrà Fúlàní tí àwọn obìnrin ń tà ní ọjà wa. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ má sì gbàgbé pé Maggi náà, iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá kù. Kí ẹnì kan ṣoṣo di ìwé dókítà mú. Bí ẹni mẹ́ta bá ń fún bàbá ní oògùn, ọ̀kan lè fún un lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn á sì rò pé ẹnì kan ti fún un. Ẹ fa ìlà sórí ìwé, kí ẹ kọ òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́, kí ẹ máa sàmì sí i bó bá ti lò ó. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró nítorí pé ara ti yá. Bó bá dúró, rọpárọsẹ̀ lè tún padà wá.

Ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ nìkan ni kí ẹ ti rà á. A ò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ìlú wa yìí ni Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, ti ké gbàjarè lórí ayédèrú oògùn ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, tí ìjọba sì wá gbógun ti ọjà oògùn Adjégounlè nínú ọjà ńlá Dantokpa ní 2017. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ó wọ́n ní ilé oògùn, ẹ bèèrè bóyá irú rẹ̀ tó dínwó wà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri.

Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo ínsúlíìnì, ibi tí kò gbóná ni kí oògùn náà wà. Fíríìjì dára, ṣùgbọ́n iná ń lọ, ínsúlíìnì kò sì gbọ́dọ̀ di yìnyín. Ìkòkò amọ̀ tí omi ń rin ara rẹ̀ ń tutù, nítorí pé omi tó ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ ń gbé ooru lọ. Mohammed Bah Abba láti Jigawa ní Nàìjíríà fi ọgbọ́n ìkòkò méjì tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000, ewébẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́jú sínú rẹ̀. Ní 2021, ìwádìí tí Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva ṣe fi hàn pé ínsúlíìnì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ooru tó ń lọ láti ìdíwọ̀n Celsius 25 dé 37 láìpàdánù agbára. Nítorí náà, ẹ má sọ ọ́ nù nítorí pé iná lọ fún alẹ́ kan. Ẹ fi sínú ike tó dé, kí omi má kàn án, kí ẹ gbé e sínú ìkòkò, kí ẹ sì bi apòògùn ilé oògùn léèrè.

Ìyá tó bí nípa iṣẹ́ abẹ náà wà lára àwọn tí à ń sọ. Láti 2009 ni ìjọba Benin ti gbé owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ kúrò lọ́rùn àwọn ìyá, ọ̀pọ̀ ìyá sì ń ti ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ, Centre Hospitalier Universitaire de la Mère et de l'Enfant Lagune, bọ̀ wá sí àdúgbò wa. Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi omi gbígbóná tẹ ikùn ọmọ yín. Ikùn tí a ti là kì í fẹ́ títẹ̀. Ẹ wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ó má gbé ohunkóhun tó wúwo ju ọmọ rẹ̀ lọ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Korobá omi láti ẹ̀rọ ìta, ẹlòmíràn ni kó gbé e. Àgbo náà, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un kí ẹ tó sè é.

Àwọn àlejò ńkọ́? Àwa kì í jẹ́ kí aláìsàn dá wà, ìwà tó dára ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí yàrá tí ènìyàn mẹ́wàá jókòó sí, tí aláìsàn ń fi agbára tó kù lára rẹ̀ dá wọn lóhùn, tí ẹnì kan sì ń sọ ìtàn ẹni tí irú àìsàn kan náà pa. Ẹ dá àkókò sílẹ̀, ẹ fún wọn ní omi àti ọṣẹ láti fọ ọwọ́, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n lè fi owó oògùn dípò bisikíìtì.

Ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn yàtọ̀ sí àlejò. Ní 1954, Dókítà Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà. Àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé pẹ̀lú ẹbí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé agbègbè náà, wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá ẹni náà wá. Àwọn oníṣègùn káàkiri ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìbátan yẹn kì í ṣe àlejò. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Jonquet, iṣẹ́ náà máa ń já lé ọmọbìnrin kan lọ́rùn, ẹni tó ti ìsọ̀ rẹ̀ ní Dantokpa pa kó lè yí bàbá ní wákàtí méjì-méjì. Owó ilé ń dínkù, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń fi tẹlifóònù bèèrè, "Báwo ni bàbá?" Mo sọ ọ́ láìfi bò: ìyẹn kò tó. Ẹ pín òru sí ọ̀nà méjì, ẹ pín ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ẹ fi sórí ìwé. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí ní Faransé kò lè gbé bàbá dìde, ó lè san owó ẹni tó ń gbé e.

Kí n tó lọ, ẹ fetí sí èyí, ẹ̀yin tí aláìsàn ti wà lọ́wọ́ yín. Ọgbẹ́ tó gbóná tó ń pọ́n sí i, tó ń sun ọyún tàbí tó ń rùn; ibà; ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dunni ní ìṣù ẹsẹ̀; èémí tó kúrú lójijì; àyà tó ń dunni; ojú tàbí ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó di ìdàrú; ẹ̀jẹ̀ tó ń dà púpọ̀ lára ìyá ọlọ́mọ: ìwọ̀nyí kò ṣeé dúró dè. Ẹ má fi àdúrà àti ọṣẹ dúdú dá wọn dúró di ìdájí, ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà. Nọ́ńbà àwọn panápaná ni 118. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú nọ́ńbà takisí kan tó ń gbé ìtòsí yín, ní lẹ́tà ńlá, níbi tí ọmọdé pàápàá lè kà á, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní.